Ohun Tí Wọ́n Ń Fà Sókè ní Ire-Akari

Láti ìgbà tí Nafeesah ti bí Mardiyah, kò lè sín bí àwọn ènìyàn mìíràn ti ń sín. Bí sísín bá ń bọ̀, ó níláti kọ́kọ́ dúró, kí ó fi ẹsẹ̀ kan há èkejì, kí ó sì di nǹkan mú. Bí kò bá rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀, yóò pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀rín pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ní ọ́fíìsì àwọn tí ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní Mafoluku, ó ti di ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ìgbéraga ni.

Dókítà ṣàlàyé fún un pé àwọn iṣan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ inú ni ó dẹ̀, pé ìbímọ ni ó fà á, pé kì í ṣe àrùn, àti pé eré ìdárayá kan wà tí ó lè tún un ṣe. Ó júwe ọ̀dọ̀ Kúnbi fún un.

Kúnbi kàwé gboyè nípa eré ìdárayá ní yunifásítì. Ó gba ilé kan háyà ní Ire-Akari, ilé tí ó ti jẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi rí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ìyá a máa ṣe eré ìdárayá nínú iyàrá ńlá. Nínú iyàrá kejì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ìsíátù, tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọmọ títọ́jú, a máa bójú tó àwọn ọmọ wọn títí ìyá wọn yóò fi parí. Ọ̀ọ̀dẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyàrá méjèèjì. Láti ibẹ̀ ni a ti ń wọ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ní ẹnu ilẹ̀kùn àbọ̀ kan tí ó mọ ènìyàn ní àyà. Àwọn ọmọ kì í ju mẹ́rin lọ, nítorí pé ọwọ́ Ìsíátù kò ju méjì lọ. Àwọn ìyá tí ń dúró de àyè pọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Kúnbi ní, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ nínú iyàrá yẹn àfi Ìsíátù. Bí ará ilé ìyá kan bá rú òfin náà, àyè ìyá náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nafeesah rí àyè gbà. Ohun tí ó kù ni ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìyá Teslim ti Ìṣẹ́yìn wá sí Ìsọlọ̀ láti wẹ ọmọ tuntun. Ogójì ọjọ́ ni ó pè é. Ọmọ náà ti ń rá báyìí, ìyá náà kò sì tíì lọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò ṣe iṣẹ́ tí ó bá wá. Lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Teslim a máa jókòó lórí àpótí, a na ẹsẹ̀ méjèèjì, a sì tẹ́ Mardiyah sórí wọn. A fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, a ká apá rẹ̀ mọ́ àyà, a ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ikùn, a fi apá rẹ̀ ọ̀tún gbé e sókè, a sì fi apá òsì gbé e. Lẹ́yìn náà a jù ú sókè, a hán an, a sì fi òrí pa á lára. Mardiyah fẹ́ràn rẹ̀. Nafeesah kì í wò ó.

"Ta ni yóò gbé ọmọ dání?" ni Ìyá Teslim bèèrè nígbà tí ó gbọ́ nípa Ire-Akari.

"Wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀, Màmá."

"Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni ìwọ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Eré ìdárayá ni, mà."

"Kí o lè rù. Ṣé Teslim ló sọ pé o sanra jù?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Bí o bá rù níṣojú mi, àwọn ará Ìṣẹ́yìn á sọ pé èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ rẹ."

Nafeesah kò mọ ẹnu tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ fún ìyá ọkọ ẹni. Ó jẹ́ kí ó dúró lórí eré ìdárayá.

Teslim fẹ́ràn àlàáfíà, ìyẹn ni pé ó máa ń wá ọ̀nà tí òun kò fi ní sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì yíjú sí i, ó ní, "Màmá, ẹ bá a lọ, kí ẹ máa wo ọmọ yín." Inú ẹnikẹ́ni kò dùn sí i nínú àwọn méjèèjì. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Kúnbi kúnlẹ̀ kí Ìyá Teslim, ó ka òfin ara ògiri fún un, ó sì fi bẹ́ǹṣì kan hàn án ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá Teslim gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó jókòó. Ní apá kan, ó ń rí àwọn ọmọ lókè ilẹ̀kùn àbọ̀. Ní apá kejì, fèrèsé iyàrá ńlá ṣí sílẹ̀.

"Ẹ fà á sókè," ni Kúnbi ń wí nínú iyàrá ńlá. "Ẹ dì í mú. Ẹ má tíì tú u sílẹ̀. Mọ́mì Diamond, ẹ kò fà á. Mo ń wò yín."

Ìyá Teslim na ọrùn wò. Àwọn obìnrin náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n kọjú sókè, wọ́n ká orúnkún. Ẹnì kankan kò mira.

"Kí ni wọ́n ń fà?" ó bi Ìsíátù.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Wọ́n sùn sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó sì ń bá wọn wí pé wọn kò fà á dáadáa."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, mà."

"Ó kàwé fún un?"

"Yunifásítì ni, mà."

Ìyá Teslim mi orí. Ó tún wo iyàrá náà bóyá ohun kan yóò gbéra nílẹ̀. Kò sí ohun tí ó gbéra.

Ibẹ̀ ni ó wà tí Diamond, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní Àgọ́ Palace, fi yàgbẹ́ kọjá ibi tí ìlédìí lè gbà á dé. Ìsíátù gbé ọmọ kan tí ń sunkún lọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ òmíràn lẹ́kún. Ó wo Diamond, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Gbé e fún mi," ni Ìyá Teslim wí.

"Òfin wà, mà."

"Mo gbọ́ nígbà tí ó ń kà á. Ó ní nínú iyàrá. Ṣé inú iyàrá ni mo wà?"

Ìsíátù rò ó. Diamond kò dúró dè é kí ó rò ó tán. Ìsíátù gbé ọmọ náà kọjá lókè ilẹ̀kùn àbọ̀.

Ẹ̀rọ omi wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Báàfù kékeré tí àwọn jẹ́lé-ó-sinmi fi sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi gbígbóná tí Ìsíátù fi ń po ògì ṣẹ́kù. Kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti òrí wà nínú àpò Ìyá Teslim, nítorí pé kì í jáde láìmú wọn dání. Ìdí ọmọ nìkan ni ó fẹ́ fọ̀. Ṣùgbọ́n ó wí fún Ìsíátù pé a kì í wẹ ìdí ọmọ kí a fi orí sílẹ̀, ó sì tẹ́ Diamond sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Diamond mọ́ tán, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Ìyá Teslim, a kì í wẹ ọmọ kan láàárín àwọn ọmọ kí a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ó ní kí Ìsíátù gbé èkejì wá, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Mardiyah, tí ó ti wẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, tún wẹ̀, kí ó má bàa rò pé àwọn ọmọ yìí wu ìyá bàbá rẹ̀ ju òun lọ.

Nígbà tí àwọn ìyá jáde, wọ́n bá ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ẹní kan, gbogbo wọn ń dán, gbogbo wọn ń sùn.

"Diamond kì í sùn lọ́sàn-án," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ó má bàa jí i.

Kúnbi ti gbóòórùn òrí kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìsíátù, ta ló wẹ̀ wọ́n?"

"Èmi ni," ni Ìyá Teslim dáhùn. "Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo wà. Mi ò wọ iyàrá yín."

Kúnbi wo òfin tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, inú iyàrá sì ni ó kọ síbẹ̀. Ó pe Nafeesah sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá Mardiyah, mo bọ̀wọ̀ fún Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́ ẹni tí ìyá ọmọ kò mọ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá fi àyè yín fún ẹlòmíràn. Ẹ má bínú."

"Kò ní tún ṣẹlẹ̀," ni Nafeesah wí. Ó mọ̀ pé ìlérí tí kò sí ní ìkáwọ́ òun ni òun ń ṣe.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ó sín. Ó ti kọ́kọ́ dúró lójijì, ó há ẹsẹ̀, ó sì di òpó iná kan mú.

"Kí lo ń dúró sí?" ni Ìyá Teslim bèèrè. Mardiyah wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàtà mi ló há, mà."

"Ra òmíràn."

Ní ọjọ́ Ajé, Mọ́mì Diamond pe Nafeesah lórí fóònù.

"Ìyá Mardiyah, wàhálà ti dé. Ìyá ọkọ mi gbọ́ òórùn òrí lọ́rùn ọmọ. Ó ní ta ló wẹ̀ ẹ́."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀. Ó gbé apá ọmọ sókè, ó jẹ́ kí apá náà bọ́ sílẹ̀, ó ní ọwọ́ kan ti dé ara ọmọ yìí tí kì í ṣe tòun. Ó ti ń kó báàfù jáde. Mo ti dárúkọ Ìyá Teslim fún un, ó sì ní òun ń bọ̀ ní Sátidé."

Ìyá ọkọ yìí ni Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìntì. Òun ni ó bí Ọlálérè Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, bàbá Diamond. Láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ náà, kò sí ẹlòmíràn tí ó wẹ̀ ẹ́ rí, ìyá ọmọ náà pẹ̀lú kò wẹ̀ ẹ́ rí. Àdín ni ó fi ń pa á lára.

Nafeesah gbìyànjú láti fi Ìyá Teslim sílẹ̀ nílé ní Sátidé kejì. Ó jí ní kùtùkùtù, ó rọra wọ aṣọ. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Teslim ti wà níta, ó ti pọn ọmọ, àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O pẹ́," ni Ìyá Teslim wí.

Kí wọ́n tó wọ géètì, Nafeesah bẹ̀ ẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ ọmọ kankan lónìí."

"Bí wọn kò bá yàgbẹ́, kí ni mo fẹ́ wẹ̀?"

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Eré ìdárayá kò tíì jìnnà tí Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé fi wọ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó wọ bùbá àti ìró tí a lọ̀, ó gbé báàfù sábẹ́ apá, ó mú ìgò àdín lọ́wọ́. Àwọn tó wà lórí ẹní ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Ẹ̀yin ni Ìyá Teslim?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ wẹ ọmọ mi."

"Mo wẹ ọmọ kan tó yàgbẹ́ sára. Mi ò bèèrè bàbá rẹ̀."

"Ìyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Òun ló dúró síwájú yín yìí."

"Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Nígbà tí ẹ wà láàyè, kí ló dé tí ọrùn ọmọ náà fi le tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọrùn ta ni?"

"Ọrùn ọmọ yín. Mo rò pé bóyá ẹ kì í jù ú sókè nílé ni."

"A kì í ju ọmọ ní ilé wa. Ìjẹ̀bú kì í ju ohun tó bá níye lórí."

"Ọmọ tí wọn kò bá jù, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti ń balẹ̀?"

Nínú iyàrá ńlá, Kúnbi gbé ohùn sókè. "Ẹ fà á sókè. Ẹ má tẹ́tí sí wọn. Ẹ dì í mú." Kò sí ẹni tí kò tẹ́tí.

"Òrí tí ẹ fi pa á," ni Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ń bá a lọ, "ó rùn nílé wa títí ilẹ̀ Sọ́ńdè fi ṣú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn sún sẹ́yìn."

"Òrí kì í rùn. Àdín ló ń rùn. Kí ẹ tó wọ géètì ni mo ti mọ̀ pé àlejò ń bọ̀."

"Ẹ sì mọ̀ pé ìwà ẹni tó bá wẹ ọmọ máa ń ran ọmọ. Bí Diamond bá dàgbà tó ń bá ènìyàn jà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọlọ́ọ̀ọ̀dẹ̀, a ó mọ ibi tó ti kó o."

"Bí kò bá sì jà, kí ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé gbé báàfù sílẹ̀. Ó ní òun yóò fi bí a ti ń wẹ ọmọ hàn án. Ó na ọwọ́ kọjá lókè ilẹ̀kùn àbọ̀, ó gbé Diamond. Ìsíátù ní "Mà," ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi tẹ̀ lé e. Ìyá Teslim kò lè jókòó kí ẹlòmíràn máa wẹ ọmọ lójú òun. Ó gbé Mardiyah.

Kúnbi dúró níwájú àwọn ìyá, ó kọjú sí fèrèsé. Ó rí orí ọmọ kan tí ó yọ lójú fèrèsé, tí ó sì tún lọ sílẹ̀. Orí náà yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tú u sílẹ̀," ni Kúnbi wí fún àwọn ìyá, ó sì jáde. Gbogbo wọn dìde tẹ̀ lé e.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà náà, nítorí pé a tọ́ ọ dáadáa. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni ó wà tí ó fi lé wọn jáde.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin méjèèjì níláti máa lọ."

Ìyá Teslim wo Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé. Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé wò ó padà.

"Ṣé àwa ló ń lé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó kúnlẹ̀ lé wa."

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ gbé tiyín, Ìyá Teslim. Èmi náà ti gbé tèmi."

Wọ́n nu àwọn ọmọ náà gbẹ. Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bá Ìyá Teslim di ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má bàa tú. Ìyá Teslim bá a mú báàfù rẹ̀.

"Àwọn ìyàwó ńkọ́?" ni Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bèèrè.

"Ibi tí ọmọ bá lọ ni ìyá ń lọ. Nafeesah, ó yá. A kò ní wá síbí mọ́."

Kúnbi dìde, ó yíjú sí Nafeesah. "Ìyá Mardiyah, mo ti sọ fún yín. Ẹni kan wà tó ti ń dúró."

Nafeesah fẹ́ sọ̀rọ̀. Òórùn àdín, òrí àti pọ́dà ọmọ pàdé ní imú rẹ̀. Ó mọ̀ pé sísín ń bọ̀. Ó wá ohun tí yóò dì mú, ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó wà nítòsí. Ó sín láìdi nǹkankan mú. Ṣòkòtò eré tí ó wọ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú. Gbogbo wọn rí i.

"Kí nìyẹn?" ni Ìyá Teslim bèèrè.

Nafeesah kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ náà bò ó díẹ̀.

"Ìtọ̀ ni, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti bí Mardiyah. Bí mo bá sín, bí mo bá rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi ń wá síbí nìyẹn. Kì í ṣe nítorí kí n lè rù. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n máa wá."

Ìyá Teslim gbé báàfù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyẹn nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ìgbà tí mo ti bí Teslim ló ti ń ṣe mí."

Nafeesah gbé ojú sókè. Teslim ti ń hu ewú.

"Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Ìyá Teslim wí. "Ìyá mi náà, ó máa ń di igi mú." Ó yíjú. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ń wo ògiri. "Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì," ó wí. Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé, "Àti bí mo bá sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀rín ńkọ́?"

"Èmi kì í rẹ́rìn-ín."

"Mo ti rí i."

Mọ́mì Diamond bú sẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀ ó há ẹsẹ̀, ó sì sáré gba ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ìyá Teslim fi ojú sìn ín títí ó fi wọlé.

"Kóòṣì," ó wí, "ohun tí ẹ ń ní kí wọ́n fà sókè yẹn, ṣé òun ni?"

"Òun ni, mà."

"A kì í rí i."

"A kì í rí i, mà. Inú ló wà."

"Mo ní kí ni wọ́n ń fà." Ó tú ọ̀já, ó gbé Mardiyah fún Ìsíátù lókè ilẹ̀kùn àbọ̀. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún àgbà?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀."

"Kò sí bí yóò ṣe pẹ́ tó tí yóò pẹ́ ju èyí lọ. Ẹní dà?"

Kúnbi rò ó. Ó ṣì lè lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lé àgbà jáde lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì wọ́pọ̀ ní Ìsọlọ̀. Ó lọ mú ẹní méjì wá. Kí ó tó tẹ́ wọn, ó mú bírò, ó tún òfin ara ògiri kọ. Ó fi ọ̀ọ̀dẹ̀ kún iyàrá. Ó fi òfin kejì sí i pé ìyá àgbà lè bá wọn ṣe eré, ṣùgbọ́n àfi bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń gbé ọmọ wá bá wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó pa òfin mọ́ tó àwọn ìyá àgbà méjèèjì. Wọ́n yan ẹní tí ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bá fẹ́ lọ mu omi, Ìyá Teslim a dìde, òùngbẹ a sì máa gbẹ òun náà. Kò sí ọmọ kankan tí a tún wẹ̀ ní Ire-Akari.

"Ẹ fà á sókè," ni Kúnbi máa ń wí.

"Kóòṣì, ṣé mo fà á?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ̀, mà."

"Mo fà á. Ìyá Ìjẹ̀bú yìí ni kò fà á. Mo ń wo ojú rẹ̀."

"Ẹ dojú kọ òkè, mà."

"Òkè ni mo dojú kọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń wò ó."

Nafeesah ń fà á lórí ẹní tirẹ̀, ó sì ń fà á nílé, ní ọ́fíìsì, àti níbi tí ó bá ti ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí òjò dé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Mafoluku yọ̀ ṣubú pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, Nafeesah pẹ̀lú wọn. Ó ti rẹ́rìn-ín tán kí ó tó rántí pé òun kò há ẹsẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó dúró dè é. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ láti fi dán an wò. Ẹlẹgbẹ́ tí ó ṣubú náà kò dárí jì í.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀. Nafeesah fa aṣọ borí. Ìyá Teslim dúró ní ẹnu ọ̀nà iyàrá pẹ̀lú àpò rẹ̀. Mardiyah, tí ó ti ń rìn, di ìró rẹ̀ mú.

"Dìde. A ó pẹ́."

"Màmá, ara mi ti yá. Mo lè sín báyìí." Ó sín, bí ẹni pé òun ni ó pè é, ó sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ síbẹ̀. "Mo rò pé màá sùn lónìí, mà."

"Ta ló ń sọ nípa tìrẹ?"

Nafeesah ṣí aṣọ lójú.

"Màmá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ti gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn. Èmi, mi ò tíì lè dì í mú ju ìgbà tí Kóòṣì fi máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ṣé kí n jẹ́ kó máa síwájú mi? Kóòṣì kò sì ní jẹ́ kí n wọlé bí kò bá rí ìwọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní bí Mardiyah bá ti rìn, ẹ ń padà sí Ìṣẹ́yìn, mà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń ṣe ti Kóòṣì ní Ìṣẹ́yìn?"

Nafeesah wo ọkọ rẹ̀ tí ó jókòó ní etí ibùsùn. Teslim dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Bàtà rẹ dà?" ni Ìyá Teslim wí. "Ṣé ó ṣì ń há?"